Bí Àbíkẹ́yìn Mi Ṣe Gba Póńpù Lọ́wọ́ Mi

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìgò-Méjì,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí gbogbo ọmọ tó yí ọ ká. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀? Ní tèmi, mo ń jẹ, mo ń sùn, ooru nìkan ló fẹ́ yan wá bí àgbàdo níbí. Oòrùn ọdún yìí ò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì ń mí, ọpẹ́ ló yẹ ẹ́, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀.

Mo mọ̀ pé wàá kọ́kọ́ wo bí ìwé náà ṣe gùn tó, wàá wá ní, "Kí ló tún ṣe Bàbá Apakòkòrò?" Fara balẹ̀, jókòó síbi tí atẹ́gùn wà. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo fẹ́ sọ, inú mi sì ń dùn débi pé bí mi ò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, oorun ò ní kùn mí. Ìwọ ni mo yàn, torí ọgbọ̀n ọdún ni èmi àtìwọ fi gbé póńpù kọ́ èjìká láti ilé dé ilé, tí à ń fín oògùn apakòkòrò, tí ìwọ ń da ìgò méjì síbi tí wọ́n ní ká da ẹyọ kan sí. Kò sẹ́lòmíì tó máa mọ bí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe wúwo tó lẹ́nu mi.

O rántí àbíkẹ́yìn mi, èyí tó máa ń di imú mú nígbàkigbà tí a bá ti ibi iṣẹ́ dé. Òun ni olórí alásè ní ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan báyìí. Oṣù mẹ́rin péré ló tíì lò níbẹ̀, wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Ogójì ọmọ ló ń bọ́ lójúmọ́ láti inú ilé ìdáná kan tí kò ju yàrá àlejò rẹ lọ, tó ní fèrèsé méjì, síìnkì kan, fíríìjì àgbà kan, àti tábìlì gígùn kan tó máa ń fọ̀ bíi pé ó fẹ́ bó awọ rẹ̀.

Nígbà tí ooru dé, kòkòrò wọlé. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bí ìta bá ti gbẹ, inú ilé ni wọ́n máa ń wá omi wá. Èèrà tò láti ẹsẹ̀ fèrèsé dé orí tábìlì, aáyán ń sá kiri lẹ́yìn fíríìjì, eṣinṣin ò jẹ́ kí búrẹ́dì sinmi. Ọjọ́bọ̀ kan báyìí ni wolé-wolé yà síbẹ̀. Ó ṣí ike ṣúgà, èèrà ló kí i káàbọ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun fún wọn. Bí òun bá padà dé tí òun tún bá kòkòrò níbẹ̀, òun máa ti ilé ìdáná náà pa. Olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ sì sọ fún ọmọ mi lójúkojú pé bí wọ́n bá tì í pa, kó má wulẹ̀ padà wá síbi iṣẹ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Mo ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú nìyẹn. Jẹ́ kí n gbé póńpù wá." Ó ní rárá. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí mímí máa ń nira fún. Nígbà tí wọ́n fín oògùn sí kíláàsì rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ilé ìwòsàn ni wọ́n sáré gbé e lọ. Ó ní ọṣẹ, fínígà, èèpo ọsàn, kànáfùrù àti ewé efinrin lòun máa fi bá kòkòrò náà jà. Ọ̀rẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ṣé ọbẹ̀ lo fẹ́ sè fún wọn ni?" Òun ò rẹ́rìn-ín.

Wá gbọ́ ohun tí mo ṣe, kí o má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì, mo gbé póńpù sínú àpò, mo lọ bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì. Ó mọ̀ mí sí bàbá alásè. Mo parọ́ fún un pé ọmọ mi gbàgbé nǹkan, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo fín ojú ihò tí èèrà ń gbà wọlé, mo fín ẹ̀yìn fíríìjì. Díẹ̀ ni mo fín o, ìdajì ìgò, kì í ṣe irú tìrẹ. Mo padà sílé, mo jẹun yó bí ẹni tó ṣoore.

Ọmọ mi ló kọ́kọ́ débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Òórùn oògùn pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ ilé ìdáná lọ́jọ́ náà. Abẹ́ igi inú ọgbà ni wọ́n ti jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tó lọ sè nílé olùkọ́ kan tó wà nítòsí. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ilẹ̀, ògiri àti gbogbo ìkòkò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èèrà ńkọ́? Ìlà kan ló wà tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́rin. Ọ̀kan tiẹ̀ ti dé inú àpò ìrẹsì. Má ṣe bíi pé ẹnu yà ọ́. Èmi àtìwọ mọ̀ pé bí a bá fín oògùn sẹ́nu ihò èèrà, ṣe ni wọ́n máa ń fọ́n ká, tí wọ́n á lọ dá ilé mìíràn sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tún wa pè lóṣù tó tẹ̀lé e.

Olùdarí gbóòórùn náà, ó sì bi í léèrè. Ọmọ mi dá a lóhùn pé, "Àṣìṣe ló ṣẹlẹ̀, mà. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá tó kù." Kò dárúkọ mi. Ẹnu ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ni mo ti gbọ́ èyí lẹ́yìn náà, ó sì dùn mí wọ eegun. Ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ àdánwò, tó mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun, ló fi orí ara rẹ̀ gba ohun tó tọ́ sí bàbá rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó wá sílé. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Mo ti to irọ́ sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò bi mí ní nǹkan kan. Ó jókòó, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni. Òórùn yẹn ni mo fi máa ń mọ̀ pé ẹ ti délé nígbà tí mo wà ní kékeré." Ojú tì mí, ọ̀rẹ́ mi. Èmi tí mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí ní ilé yìí, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ wá bá mi ṣiṣẹ́ lọ́la. Ojú yín ni mo nílò. Ẹ fi póńpù sílé."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ ọmọ mi nìyẹn. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé ìdáná láti àárọ̀, mo ń tẹ̀lé èèrà padà síbi tó ti ń bọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ ọ́ fún oníbàárà pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ ọ́, mi ò sì dí ihò ògiri kan ṣoṣo rí láyé mi. Mo rí ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù. Mo rí i pé abẹ́ síìnkì ń jò, tó-tó-tó, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń mumi. Mo pààrọ̀ wáṣà, rọ́bà tó ń dá omi dúró níbẹ̀, mo po sìmẹ́ńtì, mo dí ihò. Ìgbẹ́ aáyán tó dà bí ata gígún lẹ́yìn fíríìjì, èmi ni mo fi hàn án. Ihò tóóró tó wà lẹ́yìn sítóòfù, ọwọ́ tèmi kò wọ̀ ọ́, tirẹ̀ wọ̀ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọmọ mi ló tún rán mi létí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Ohun tí òun mọ̀ ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Ó po fínígà mọ́ omi àti ọṣẹ, ó fi nu gbogbo ojú ọ̀nà èèrà, torí òórùn ẹni tó ṣáájú ni wọ́n máa ń tẹ̀ lé. Bí a bá nu ọ̀nà, wọ́n á sọnù. Ó ki ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú agolo omi tó kán ọṣẹ sí. Ìrẹsì, ó sá a sóòrùn, ó sẹ́ ẹ, ó dà á sínú ike onídèérí pẹ̀lú ata gbígbẹ díẹ̀. Ti aáyán ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: ó ju búrẹ́dì sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, ó fi bọ́tà pa ọrùn ìgò náà nínú. Aáyán á wọlé jẹun, á wá máa yọ̀, kò ní lè jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní a bá mọ́kànlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òfìfo ni ìgò.

Ó ta nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, ó gbé ìkòkò efinrin sábẹ́ wọn, ó so kànáfùrù àti èèpo ọsàn gbígbẹ mọ́ aṣọ, ó fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bi í bóyá èyí nìkan ò ti tó. Ó ní, "Bàbá, òórùn kàn ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má wọlé ni. Ihò tí ẹ dí ló ń sọ fún wọn pé kò sáyè." Ọdún mélòó la fi ṣiṣẹ́ yìí tí ẹnì kankan nínú wa ò lè sọ ọ́ báyẹn?

Wolé-wolé dé ní Ọjọ́bọ̀ tó dá, ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí ooru mú jù. Èmi àti ọmọ mi jọ dúró dè é. Ọkùnrin náà ní ká sún fíríìjì, a sún un. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ síìnkì, ó ṣí gbogbo ike, ó fi ìka nu òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Eṣinṣin kan ṣoṣo ló fò kọjá. Ó yíjú sí ọmọ mi. Ọmọ mi ní, "Ẹ má bínú, sà, èjìká yín lèyí gùn wọlé." Wolé-wolé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò rí nǹkan kan, pé ilé ìdáná náà mọ́ ju ti ilé òun lọ. Olùdarí di ọmọ mi lọ́wọ́ mú, ó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ máa jáde lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí àdánwò mọ́.

Ìgbà náà ni wolé-wolé fa fọ́ọ̀mù yọ, ó bèèrè ẹni tó bójú tó ọ̀rọ̀ kòkòrò. Ọmọ mi nawọ́ sí mi. Ọ̀rẹ́ mi, fọ́ọ̀mù tí èmi àtìwọ ti kún láìmọye ìgbà ni. Ó ní ìlà kan tó ń bèèrè oògùn tí a lò. O mọ̀ pé a máa ń kọ ọ́ títí á fi kan etí ìwé. Ìdajì ìgò tèmi, ọmọ mi ti fọ̀ ọ́ dànù. Mo kọ "Kò sí" síbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ní ká kọ orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Mo kọ orúkọ ọmọ mi sókè, mo wá kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jù wá lọ, kó dá wa sí láti fojú rí i, kó má sì jẹ́ ká jowú wọn. Kí orúnkún rẹ gbé ọ débi ayọ̀. Bá mi kí ìyàwó dáadáa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ àti ẹnìkejì rẹ lẹ́nu iṣẹ́,
Bàbá Apakòkòrò

Àfikún: Bí o bá fẹ́ dán ti agolo omi wò, máa da omi rẹ̀ nù lọ́jọ́ méjì-méjì. Èmi gbé tèmi kalẹ̀ nílé, mo gbàgbé ẹ̀, ni mo bá ń lé èèrà, mo ń sin ẹ̀fọn. Ọmọ mi bá a níbẹ̀ lánàá, ó bá mi wí gan-an, mo sì ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá mi."