Ìkẹ́dùn Wa Lórí Bàbá Alárinà, Ẹni Tó Ń Bá Ìgalà Wáyàwó

Sí Màmá wa, ìyàwó Bàbá Alárinà, àti gbogbo ọmọ pátá,

Ọkàn wa gbọgbẹ́, Màmá, bá a ṣe jókòó kọ èyí sí yín. Gbogbo ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọgbà ẹranko, látorí ọ̀gá àgbà dórí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì, ní kẹ́ ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Èmi tí mò ń gé kárọ́ọ̀tì fáwọn ẹranko ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní ẹnu mi kì í sinmi, kí n lò ó fún ohun tó dáa lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá mi fara dà á.

Ìgalà oníwo gígùn tá à ń sìn yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú igbó mọ́. Àwọn tó kù, inú ọgbà ẹranko káàkiri ni wọ́n wà, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Bí ọmọ ìyá bá wá ń gun ọmọ ìyá, ọmọ wọn á máa rù, á máa kú. Bàbá ló ń wádìí ìdílé. Á pe ọgbà kejì lórí fóònù, á ní, "Ta ni ìyá akọ yẹn? Ìyá ìyá ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má purọ́ fún mi o, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó la wà." Bá a ṣe sọ wọ́n ní Bàbá Alárinà nìyẹn. Dókítà ẹranko wa á ní kí wọ́n bá òun náà wáyàwó. Bàbá á ní, "Ìgalà tèmi kì í hanrun. Ìwọ ńkọ́?"

Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí ìyàwó tuntun kan dé látọ̀nà jíjìn. Torí àlejò, àwa òṣìṣẹ́ gbá gbogbo koríko dànù nínú ilé tó máa wọ̀, a fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ títí ó fi ń dán. Ìyàwó bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbóòórùn títí, ó lọ kọjú sí ògiri. Kò jẹ, kò mu. Àṣé koríko tí ọkọ sùn lé ni bàbá ti tẹ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí imú ìyàwó lè kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti fọ ọkọ ẹ̀ dànù." Ni wọ́n bá lọ bu koríko mìíràn wá lọ́dọ̀ ọkọ, wọ́n tẹ́ ẹ fúnra wọn, wọ́n dojú korobá dé, wọ́n jókòó lé e lẹ́nu ọ̀nà títí ìyàwó fi dùbúlẹ̀. Títí dòní, Ìyàwó là ń pè é. Àwọn ọmọ tó bí ti lọ sílé ọkọ ní ọgbà oríṣiríṣi.

Màmá, ibi tọ́rọ̀ mi ń lọ nìyí. Ìyàwó tún lóyún, òun fúnra ẹ̀ sì ti ń dàgbà. Àtìgbà tí bàbá ò ti wá mọ́, kì í jẹun dáadáa. Tí mo bá gbé oúnjẹ lọ, á gbóòórùn ọwọ́ mi, á wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnì kan ń bọ̀, á fi oúnjẹ sílẹ̀. Dókítà ní bó bá ń bá a lọ báyìí, oyún lè wálẹ̀.

A gbọ́ pé ẹ ti ń kó aṣọ bàbá jọ kẹ́ ẹ lè fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ pín in. Bó ṣe yẹ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ewé yẹn, èyí tí àpò ẹ̀ kan ti ya, a bẹ̀ yín, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ fi yá wa. Èmi ni màá máa wọ̀ ọ́ gbé oúnjẹ lọ, bí ò tiẹ̀ gbà mí níkùn. Tó bá bímọ tán, a ó dá a padà, tàbí kẹ́ ẹ wá mú un fúnra yín, kẹ́ ẹ rí ọmọ náà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin náà fẹ́ kí òórùn wọn ṣì wà lọ́dọ̀ yín, ó yé wa. Kì í ṣe ìgalà nìkan ló nímú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo wa ń bọ̀. Títí ayé, ẹnikẹ́ni ò ní bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀yin àtàwọn ọmọ lẹ́nu géètì wa.

Kí Ọlọ́run gbá yín mọ́ra, Màmá. Kó má jẹ́ kí oúnjẹ korò lẹ́nu yín. Bí ọjọ́ bá sì ṣe ń gorí ọjọ́, kó má fọ bàbá dànù nínú ilé yín.

Èmi olóúnjẹ ẹranko, lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́.