Alhaja Sùlíyá Àbẹ̀kẹ́ Dàwódù (1944–2025): Ìyá Tí Kò Gbà Kí Àgbà Ṣubú

Ọdún 1944 ni a bí Alhaja Sùlíyá Àbẹ̀kẹ́ Dàwódù ní agboolé Aláró, Ògbómọ̀ṣọ́. Olóògbé Múmínì Àjàó, alágbẹ̀dẹ, ni bàbá wọn. Olóògbé Hassanat Àjọkẹ́ ni ìyá wọn. Màmá ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì parí Kùránì ní ilé kéú.

Ní 1963, wọ́n fẹ́ Alhaji Kazeem Dàwódù, tó ń ṣe búrẹ́dì l'Ágége. Ọlọ́run fi ọmọ márùn-ún ta wọ́n lọ́rẹ. Láti 1968, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gbáko ni Màmá fi dúró nídìí ẹ̀rọ òwú ní ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan n'Íkẹjà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, wọn ò káwọ́ gbera. Òwú àti bọ́tìnnì ni wọ́n ń tà fún àwọn télọ̀. Alhaji papòdà ní 2006.

Ní ìgbà ọyẹ́ ọdún 2013, Màmá yọ̀ ṣubú níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Egungun ìbàdí wọn dá. Ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́, Alhaja Nusrat, ti ṣubú bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, kò sì dìde lórí ibùsùn mọ́ títí tó fi kú. Àwọn tó wá kí Màmá ń wò wọ́n bí ẹni tó ti ń lọ. Aládùúgbò kan ní, "Alhaja, ẹ gba kámú, ọjọ́ ogbó ló dé." Màmá dá a lóhùn pé, "Ogbó dé, àmọ́ kò ní kí n má rìn."

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Hameedah, oníṣẹ́ ìlera tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tún rìn, sọ fún wọn pé, "Màmá, ogbó kọ́ ló gbé yín ṣubú. Omi ọṣẹ ni, ẹsẹ̀ tí kò lókun mọ́ ni, kò sì sí nǹkan tí ẹ lè dì mú." Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wọ́n lọ́kàn ṣinṣin. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ń dìde lórí àga, tí wọ́n ń jókòó, tí omijé ìrora ń bọ́ lójú wọn. Bí Shukurat ọmọ wọn bá sáré wá, wọ́n á ní, "Má dì mí mú. Dúró síbi tí mo ti lè rí ẹ."

Láti 2015, Màmá ń fi ọ̀pá rìn láti ilé dé ilé ládùúgbò wọn. Wọ́n á ní kí wọ́n ká ẹní tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀, kí wọ́n fi gílóòbù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n ri irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, kí àgbà sì lọ yẹ ojú wò. Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìrun Súbùhì, wọ́n ń kó àwọn àgbà jọ síwájú mọ́sálásí láti na ara. Bàbá Oyèbọ́lá, tó ń fi ọ̀pá méjì rìn, ju ọ̀kan nù láàárín ọdún kejì.

Ní 2018, àgbà mẹ́ta ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé alájà kan ládùúgbò. Àtẹ̀gùn náà ti fọ́, kò sì ní irin ìdìmú. Nígbà tí Màmá lọ bá onílé pé kó tún un ṣe, ó bi wọ́n pé, "Alhaja, ṣé ilé yín ni?"

"Ilé yín ni. Ẹsẹ̀ wa ló ń gùn ún."

Màmá gbé àga síwájú àtẹ̀gùn náà, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di Àsárì. Lọ́jọ́ kejì, àgbà márùn-ún gbé àga tiwọn wá. Lọ́jọ́ kẹta, onílé mú bíríkìlà àti wẹ́dà dé, ó fajú ro, àmọ́ ó tún un ṣe. Ẹnikẹ́ni kò ṣubú níbẹ̀ mọ́.

Àìsàn ọkàn ló mú Màmá lọ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Keje, 2025. Ní Sátidé tó ṣáájú, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn dé mọ́sálásí.

Nùréènì, Shukurat, Muhydeen àti Aisha ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́tàlá àti àtọmọdọ́mọ méjì. Quadri, ọmọ wọn kan, ti ṣáájú wọn lọ. Àwọn àgbà tí wọ́n ń kó jọ síwájú mọ́sálásí, tí wọ́n ti di méjìdínlógójì, ṣì ń péjọ ní Sátidé.

Ẹ sùn ire, Màmá. Kí Ọlọ́run fẹ ibojì yín lójú, kó sì mú ẹsẹ̀ yín dúró ṣinṣin lórí afárá Síráátì. Àmín.