Ọdún Tí Omi Ògòwé Fà

Atong Abè,
Libreville.

Ridwanullah ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Port-Gentil? Suzanne aya rẹ ńkọ́, ṣé oyún náà kò dà á láàmú jù? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó ń ro mí bí òjò bá ṣú. Mo dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní bí Suzanne bá bí ọkùnrin, o kò ní sọ ọ́ ní Buraimoh, pé o kò lè fi orúkọ bàbá tí kò wá sí ìkómọ rẹ pe ọmọ rẹ. Mo yáa gé fóònù náà. Owó fóònù ń jó, omijé sì ń bọ̀.

Oyún rẹ pé oṣù méje nígbà tí bàbá rẹ kó aṣọ lọ tà lókè odò. Kí ó tó padà dé, o ti ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn. Ó ní omi odò Ògòwé fà, pé ọkọ̀ wọn jókòó sórí yanrìn, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa tukọ̀. Sheriffdeen tó ní ṣọ́ọ̀bù lójúkojú wa ní, “Buraimoh, ṣé ìwọ nìkan lo mu odò náà tán, àbí ìyàwó tuntun bá ọ mu níbẹ̀?” Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Títí o fi dàgbà, “Ọmọ Amomitán” ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pè ọ́.

Bàbá rẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò gbé ọ lé àyà, yóò ní, “Ìwọ gbà mí gbọ́, àbí? Yanrìn náà funfun bí iyọ̀.” Mo ṣì ń gbọ́ ohùn náà.

Justine tó háyà yàrá kejì lọ́dọ̀ mi (kì í jẹ mí lówó ilé) ń bá àwọn tó ń wádìí igbó ṣiṣẹ́. Wọ́n máa ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò sínú igi ńlá etí Ògòwé, igi náà kì í kú, wọn a sì fa igi tín-ín-rín kan jáde nínú rẹ̀ tí kò ju pákò lọ. Ìlà ìlà ló wà lára rẹ̀, ọdún kan, ìlà kan. Bí òjò bá pọ̀, ìlà a fẹ̀. Bí ọ̀dá bá dá, a há. Wọn a fi ọ̀pọ̀ igi wéra, wọn a tún fi wọ́n wé àwọn ọdún tí ìjọba ti ń wọn odò. Báyìí ni wọ́n ṣe ń mọ bí omi ṣe rí lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n.

Mo ní kí ó fi ọdún tí mo bí ọ hàn mí. Èmi fúnra mi kà á láti èèpo wọnú. Ìlà náà há bí irun. Mo ní bóyá igi yìí ló ṣàìsàn. Ó rẹ́rìn-ín: “Màmá, kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo igi tí a lu létí odò ló rí bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn.”

Mo jókòó. Sheriffdeen ti kú, bàbá rẹ ti kú, èmi nìkan ló kù nínú wa tó lè gbọ́ ọ.

Ọmọ mi, igi kò mọ ibi tí bàbá rẹ sùn. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n omi fà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ìwọ lo ni ọmọ rẹ, sọ ọ́ ní orúkọ tó bá wù ọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ni pé kí o má ṣe pe bàbá rẹ ní òpùrọ́ létí ọmọ náà.

Kí Ọlọ́run sọ Suzanne ní wẹ́rẹ́. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Tàwàkálítù.

Mo tún rántí: bí ó bá jẹ́ obìnrin, ẹ ṣì gbé e wá kí n rí i. Ẹ má sì ra ìlédìí ọmọ níbẹ̀ yẹn, ó wọ́n. Mo ti ra páálí méjì pamọ́.