Ẹ Ní Kí Wọ́n Yọ Nǹkan Etí Yẹn

Ọmọ mi àtàtà, ògbufọ̀ gbogbo ayé,

Mo kí ẹ káàárọ̀, mo kí ẹ káàsán, mo sì san ti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ torí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Tó bá jẹ́ pé ìkíni ní ìwúwo ni, ẹni tó mú un wá ì bá ti háyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun, àbí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì ló ń kún ẹ lẹ́nu láti àárọ̀ ṣúlẹ̀? Bó o ṣe ń bá wọn sọ tẹnu wọn, ẹnikẹ́ni ò ní gba tẹnu rẹ jẹ. Ibi tó o bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Ṣe àmín kó ró dáadáa.

Àwa náà wà. Bàbá rẹ ní ẹsẹ̀ ń dun òun, àmọ́ tó bá ti gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ ọ̀hún á sáré débẹ̀ ṣáájú bàbá tó ni ín. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń húkọ́ bí arúgbó, síbẹ̀ ó ń ránṣọ.

Ọmọ mi, a rí fídíò tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ. A wò ó títí fóònù fi gbóná bí áyọ́ọ̀nù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi lọ kọ́là. Gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ayé yẹn tóbi o! Ẹni tó bá sín níwájú, ọ̀la ni àwọn tó wà lẹ́yìn á tó kí i pẹ̀lẹ́. Nígbà tí mo wá rí ẹ lókè, nínú ilé gíláàsì, tó ò ń sọ̀rọ̀ tó ò ń juwọ́, mo bú sẹ́kún. Mo ní kí lọmọ mi ṣe fún wọn tí wọ́n fi tì í mọ́ inú ìgò? Bàbá rẹ ló fi mí lọ́kàn balẹ̀, ó ní ibi tí àwọn ògbufọ̀ ń jókòó sí nìyẹn, pé bí aṣojú orílẹ̀-èdè kan bá sọ èdè tirẹ̀, ìwọ lo máa túmọ̀ ẹ̀ fún àwọn tó kù. Ìyẹn yé mi. Èyí tí kò yé mi ni pé gbogbo àgbààgbà tó wà nísàlẹ̀, láti ẹni iwájú dé ẹni ẹ̀yìn, ló ti fi nǹkan dúdú dí etí. Bàbá kan dúró níwájú wọn, ó ń làágùn, ó ń fọwọ́ lu tábìlì, wọ́n sì di etí sí i lójú korokoro! Ẹ̀yin ọmọdé tẹ́ ẹ bá ṣe irú ẹ̀ nílé mi, ṣé ẹ mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e?

O wá sọ nínú lẹ́tà rẹ pé ìgbìmọ̀ kan jókòó, tí ìwọ ń túmọ̀ fún, tó ń wá bí ọ̀rọ̀ ìpàdé ńlá yẹn ṣe máa tún lágbára láyé. O ní ọdọọdún ni wọ́n ń fẹnu kò, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí kálukú á gbalé lọ, tí nǹkan kan ò sì ní yí padà. Bàbá rẹ ní, ṣé ìpàdé ni wọ́n wá ń ṣe lórí bí ìpàdé ṣe máa dáa? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn ọ̀gá rẹ ń fi gíláàsì ojú wá nínú ìwé, ìyá rẹ ti rí i nínú fóònù. Ẹ ní kí wọ́n yọ nǹkan etí yẹn.

Má rò pé ẹnu lásán ni, a ti dán an wò níbí. Ṣé o rántí kòtò àgbàrá tó gé àdúgbò wa sí méjì? Ó ti fẹ̀ sí i. Ó ti jìn débi pé bí ewúrẹ́ bá yọjú wò ó, òyì á kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lápá ibí, ilé ìwé wà lápá ọ̀hún, ọ̀gá ilé ìwé sì ti ránṣẹ́ pé bí kò bá sí afárá kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó wọlé, aránṣọ apá ọ̀hún lòun máa gbé yúnífọ́ọ̀mù fún. Aránṣọ yẹn, tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ kan máa ń lọ sọ́jà tí ìkejì ń bọ̀ wálé! Yúnífọ́ọ̀mù yẹn la sì fi ń jẹun, òun náà la fi rán ẹ dé inú ìgò tó o wà yẹn.

Gbogbo ìpàdé àdúgbò la ti ń fẹnu kò lórí afárá. A fẹnu kò títí ẹnu fi ń ro wá. Àmọ́ òfin wa ni pé bí onílé kan ṣoṣo bá ti ní òun ò fẹ́, ọ̀rọ̀ ti kú nìyẹn, Bàbá Kò-ṣeé-ṣe ló sì máa ń pa á. O mọ̀ ọ́n, káfíńtà igun ọ̀nà, òun ló kan tábìlì tó o fi kàwé. Bá a bá ti ní ká wá káfíńtà láti òkèèrè, á ní kò ṣeé ṣe, á dé fìlà, ó di ilé.

Lọ́tẹ̀ yìí mo ní ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ ọmọ mi. Mo kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń yọ nǹkan létí wọn. Mo yọ ti onígbàjámọ̀ tó ń gbọ́ orin. Mo yọ òwú létí ìyá oníbúrẹ́dì. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé dókítà ló fi í síbẹ̀, títí di òní kì í dá mi lóhùn tí mo bá kí i. Mo wá pín àjákù aṣọ, torí a ò ní iná ìdìbò tó ń tàn lára ògiri bíi tiyín: àwọ̀ ewé fún ẹni tó fẹ́, pupa fún ẹni tí kò fẹ́, yẹ́lò fún ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun jà. Àwọ̀ ewé hù káàkiri bí oko lẹ́yìn òjò. Onígbàjámọ̀ na yẹ́lò, ó ní orí tọ̀tún tòsì lòun ń gẹ̀. Pupa kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bàbá Kò-ṣeé-ṣe ò tiẹ̀ gba tèmi, áńkáṣíìfù tirẹ̀ ló mú wá láti ilé.

Ibi tó ti ń wá fìlà rẹ̀ kó máa lọ ni mo ti rántí ohun tó o kọ sí mi, pé nínú yàrá kékeré tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ń jókòó sí, ẹnì kan lè ní rárá kí ọ̀rọ̀ kú, àmọ́ ìpàdé ńlá ti ń ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá dúró níwájú gbogbo ayé kó sọ ìdí. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ bàbá, a ò ní kẹ́ ẹ má sọ pé rárá, ẹ ṣáà bá wa mú rárá náà dìde ká rí ìdí ẹ̀. Ó dìde. Ó ní:

“Látìgbà tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ afárá, káfíńtà òkèèrè lẹ̀ ń pè lójú mi. Ta ló bi mí bóyá ọwọ́ mi ṣì lè kan ìṣó?”

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Orí àga tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn la ṣì jókòó sí. Ìyá oníbúrẹ́dì, tí etí ń dùn ún, ló kọ́kọ́ la ẹnu, ó ní bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ máa bá wa kàn án? Bàbá ní kò ṣeé ṣe pẹ̀lú irú pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tá a fẹ́ rà. Ó fi áńkáṣíìfù pupa nu ojú, ó sì ti ń fi ọ̀pá wọn kòtò ká tó parí ìpàdé.

Ó ti kàn án báyìí. Ó bú gbogbo wa pátá níbẹ̀, ó ní bí èmi ṣe ń di ìṣó mú, bí ẹni di aláǹgbá mú ni. Ó ní onígbàjámọ̀ gbọ́dọ̀ yan apá pákó tó máa gbé, torí yẹ́lò kì í gbé pákó. Ọ̀gá ilé ìwé ti gbà á kọjá, ó na apá bí ẹyẹ, ó ń pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run, ó sì gbé yúnífọ́ọ̀mù fún mi.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ìṣó ibi ìdìmú afárá kò tíì pé. Ìyá oníbúrẹ́dì ń fẹ́ oògùn etí, kó lè máa kí mi. Àwọ̀ ewé tí mo gé fún ìbò, aṣọ ilé ìwé ni, ọmọ púpọ̀ ò sì tíì ní àpò ṣòkòtò. Fi nǹkan ránṣẹ́ síbi tí ọwọ́ rẹ bá mọ.

Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìmọ̀ràn mi o. Bí wọn ò bá gbà láti yọ nǹkan etí yẹn, ìwọ ṣáà panu mọ́ díẹ̀ nínú ìgò rẹ. Bí wọ́n bá rí i pé ẹnu rẹ ò mì mọ́, wọ́n máa yọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n á sì wo ojú ara wọn. Kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ tó máa gbè ẹ́ sí ẹ lẹ́nu, kó o jẹun pẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ, kó o sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ wálé wá gun afárá wa.

Èmi ni ìyá rẹ, aránṣọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bàbá rẹ ní irọ́ ni mò ń pa, pé nǹkan etí yẹn gan-an ni wọ́n fi ń gbọ́ ohùn rẹ. Mo ní kó jókòó. Ṣé ohùn ọmọ tí mo fẹnu ara mi kọ́ lọ́rọ̀ sọ ló máa ń wọ̀ wọ́n létí lójoojúmọ́, tí ayé á tún wà bó ṣe wà yìí?