Orí Yìí Ò Gbé E

Mọ́ńdè, 1 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Bọ́dì dé! Ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti yọ géètì mi kí ó tó wọlé. Gbogbo àdúgbò jáde wá wòran. Mo wọ léèsì aláwọ̀ ewé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

Láti ọdún tó kọjá tí mo ti ra orí ni mo ti ń wá a. Orí ni wọ́n ń pe iwájú tírélà, ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Bọ́dì ni èyí tí ẹrù ń wà nínú rẹ̀, tí orí ń fà. Bọ́dì kékeré là ń háyà tẹ́lẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún àpò àgbàdo ni gbogbo ohun tó ń gbà. Ó sú mi. Èyí tí mo rà yìí ń gba irinwó àti àádọ́ta.

Bàbá Jẹ́jẹ́ nìkan ni kò yọ̀. Ọkọ mi nìyẹn, Mùbárákù, bàbá Kareemah ọmọ mi, òun ló ń wa ọkọ̀ náà. Lójúkojú, "ẹ" ni mo ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Nínú ìwé tèmi, "ó" ti tó o. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire, òun ń fi tọ́ọ̀ṣì yẹ abẹ́ bọ́dì wò bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ síbẹ̀.

Àtàlátà, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìṣirò kún ògiri ẹ̀yìnkùlé mi. Ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn! Ó ní kí n wá wò ó.

Ó ní irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn orí, wọ́n kọ ìwọ̀n ohun tó lè fà síbẹ̀. Ó ní kì í ṣe àgbàdo nìkan là ń fà, bọ́dì fúnra rẹ̀ ń wúwo, a gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn. Ó ní àwo irin tó wà lẹ́yìn orí, tí imú bọ́dì ń jókòó lé, òun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó ní fífà gan-an kọ́ ló ń ba òun lẹ́rù, dídúró ni. Pé tí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Olúpọ̀nnà, tí ẹ́ńjìnnì bá rẹ̀, búrèkì ò ní lè di ẹrù yẹn mú. Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó fa ìlà sí i nídìí bíi tíṣà. Ìyá mi wà níbẹ̀. Shamsudeen àbúrò mi wà níbẹ̀. Obìnrin tó wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi náà wà níbẹ̀. Ó wá nà ró, ó ní:

"Orí yìí ò gbé e."

Orí ta? Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ọkọ̀? Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, wọ́n ní àwọn ò ní gbọ́ ọ. Oníbàárà mi dìde, ó ní òun ń padà bọ̀. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní orí ọkọ̀ lòun ń wí, kì í ṣe orí èèyàn. Ta ni kò mọ ìyẹn? Àmọ́ ta ni yóò gbọ́ gbólóhùn yẹn tí kò ní yíjú wò mí?

Mo bu omi, mo fọ ògiri náà lójú rẹ̀.

Jímọ̀, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo gbé Kùránì síwájú rẹ̀, Ìyá mi jókòó ti mí. Mo ní kó búra pé gbólóhùn yẹn ò ní jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láé, yálà fún mi tàbí fún ẹlòmíì. Ó ní, "Hàbíbátù, ṣé ohun tó o fẹ́ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lọ ṣe àlùwàlá ná, ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó wá búra. Ohun gbogbo pẹ̀lú sùúrù, ọkùnrin yìí! Ì bá jẹ́ pé ó tiẹ̀ pariwo lẹ́ẹ̀kan.

Sátidé, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Ògúnbáyọ̀ mẹkáníìkì so orí mọ́ bọ́dì. Òun náà la ẹnu, ó ní, "Ìyá aláṣọ, bọ́dì yìí mà—" Mo kàn wò ó. Ó ní ó mà rẹwà.

Mo pe ẹni tó ń kọ nǹkan sára ọkọ̀. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú gíláàsì: ORÍ MI GBÉ E. Bàbá Jẹ́jẹ́ ni mo ní kó bá a di àkàbà mú.

Àtàlátà, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Irinwó àti àádọ́ta àpò! Láti Kuta wọ Ìwó, ó pé ṣánṣán, ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ tó ń gba àgbàdo náà ti fún wa ní ìwé. Àná ló lọ, ọ̀sán òní ló tó parí. Ó pẹ́ o. Kuta kì í ṣe Kánò. Àmọ́ jẹ́jẹ́ náà ni tirẹ̀.

Nídìí oúnjẹ mo bi í pé, "Bàbá Kareemah, ṣé orí gbé e?" Ó ní ó gbé e. Mo ní mi ò gbọ́, kó tún un sọ kí àwọn ọmọ náà gbọ́. Ó tún un sọ. Shamsudeen rẹ́rìn-ín títí ó fi sá síta.

Ní ọjà Odò-Orí, kò sẹ́ni tí mi ò sọ fún. Mo ń sín ohùn rẹ̀ jẹ: "Orí yìí ò gbé e." Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín dì mọ́ra wọn.

Jímọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Ìrìn kejì. Ó pé. Ọjọ́ méjì.

Àtàlátà, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Ìrìn kẹta. Ó tún pé, ó tún di ọjọ́ méjì. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Orí ẹja nìkan ni mo ń bù sínú ọbẹ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, kó lè máa rántí. Ó ń jẹ ẹ́ mọ́ egungun, ó ń dúpẹ́. Inú bí mi.

Àlàmísì, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Sọ̀fíyàt tí ìsọ̀ rẹ̀ kan tèmi lọ́jà sọ̀rọ̀ kan fún mi lónìí. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. Ó ní òun rí tírélà mi ní Ilé-Ogbó, níwájú ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ràhámọ̀tù. Opó ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní, ó sì ń pẹ́ níbẹ̀.

Ìdí tó fi ń di ọjọ́ méjì rèé! Mo pa ìsọ̀ mi dé, mo rìn wálé. Ọkùnrin tí mo ra ọkọ̀ fún. Nínú ọkọ̀ tí mo rà.

Mi ò bi í. Á kàn fi sùúrù rẹ̀ yẹn dá mi lóhùn, mi ò sì mọ ohun tí màá fi lù ú.

Mọ́ńdè, 22 Oṣù Kẹsàn-án

Mo gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, níwájú gbogbo ilé. Mo kó o fún Shamsudeen. Típà ló ti ń wà látọdún mẹ́fà, ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ là, ọmọ ìyá mi sì ni. Bàbá Jẹ́jẹ́ kò bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kóun bá a lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní kí ló fẹ́ lọ ṣe, ṣé kó lè júwe ilé Ràhámọ̀tù fún un ni?

Mo rò pé á làágùn. Ẹnu ló yà á. Ó ní, "Hàbíbátù, gbọ́ mi, bọ́dì yẹn—" Mo nawọ́ sí Kùránì tó wà lórí pẹpẹ. Ó pa ẹnu dé. Mo rí i tó pa á dé. Ó dùn mọ́ mi.

Àlàrùbá, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Shamsudeen wá kí mi, ọ̀la ló ń lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́, ọkọ yín wá bá mi nílé o. Wọ́n ní kí n má kó ju ọ̀ọ́dúnrún àpò lọ. Mo bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n ní àwọn ò lè sọ ọ́." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo ní kó kó irinwó àti àádọ́ta, kó má dín ẹyọ kan. Mo ní kó dé láàárín ọjọ́ kan, kó fi ọkùnrin hàn án.

Àlàmísì, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Shamsudeen ti kú.

Jímọ̀, 26 Oṣù Kẹsàn-án

A sin ín láàárọ̀. Wọ́n ní ó ti gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Olúpọ̀nnà dé ìdajì kí ẹ́ńjìnnì tó kú. Ó tẹ búrèkì. Ọkọ̀ kò dúró, ó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń sáré. Bọ́dì yà wọ kòtò, ó lọ́ orí lọ́rùn, orí dojú dé. Àwọn tó wà lóko rí i tó ń ju ọwọ́ sí wọn lójú fèrèsé pé kí wọ́n sá.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ló wọ inú rẹ̀ lọ gbé e jáde. Òun ló wẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi ò sunkún. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń rán an níṣẹ́.

Sọ́ńdè, 28 Oṣù Kẹsàn-án

Ràhámọ̀tù wá kí wa kú ará fẹ́ra kù. Mo ti ń wá ohun tí màá fi lé e jáde kí n tó rí i. Ìyá arúgbó ni wọ́n. Wọ́n ju ìyá tèmi lọ. Ọmọ-ọmọ wọn ló di ọwọ́ wọn mú wọlé.

Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ bóyá kí n sọ ọ́. Ọkọ rẹ máa ń gbé àádọ́jọ àpò sínú yàrá mi kó tó dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Olúpọ̀nnà. Òun nìkan á máa fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n wọlé. Á gbé ìyókù lọ sí Ìwó, á padà wá kó o lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ̀ mí kí n má wí fún ẹnì kan, ó ní òun ò fẹ́ kí ojú ti ìyàwó òun láàárín ẹgbẹ́." Wọ́n ní lọ́jọ́ tí àbúrò mi ń kọjá, àwọn ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀ dè é. Àwọn ju ọwọ́ sí i. Kò dúró.

Mọ́ńdè, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Mo bi í. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi.

Ó ní, "Mo sọ fún ọ. O fi Kùránì dí mi lẹ́nu."

Mo ní Shamsudeen ńkọ́? Ó ní òun sọ ìwọ̀nba tí òun lè sọ láì da ìbúra, pé Shamsudeen fi ohùn rán ìdáhùn padà sí òun lórí fóònù. Ó gbé fóònù náà sétí mi, ohùn àbúrò mi, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n ní kí n kó o pé o, Bàbá Kareemah, ẹ má bínú."

Ó ní òun ò fi han ẹnikẹ́ni. Ó pa á rẹ́ lójú mi.

Àlàmísì, 2 Oṣù Kẹwàá

Àdúà ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí àwọn ààfáà lọ tán, ẹbí kóra jọ sínú pálọ̀ mi. Bàbá Àlàní, àbúrò bàbá wa, ni wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni ohun tí gbogbo Ìwó ń sọ, pé Mùbárákù dúró nínú ilé yìí, tó ní orí yìí ò gbé e.

Gbogbo Ìwó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ó ní òun sọ ọ́. Bàbá Àlàní ní ẹnu rẹ̀ ló pa ọmọ àwọn. Ẹ̀gbọ́n kan ní owú ló ń jẹ, pé kò fẹ́ kí ìyàwó òun ga ju òun lọ. Ìyá mi wá bú sẹ́kún, ẹkún ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n ní kó jáde nílé ọmọ àwọn, kó má tún fi ẹnu yẹn pe orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Bàbá Jẹ́jẹ́ yíjú sí mi. Kò bínú rárá, ó kàn ń dúró dè mí.

Bàbá Àlàní ní, "Hàbíbátù, ọkọ rẹ ni. Ṣé o ní nǹkan sọ?"

Mo ní i. Kò gùn. Pé ìṣirò ló ṣe, orí ọkọ̀ ló wí. Pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló fi ẹ̀yìn ru àádọ́jọ àpò kí ojú má bàa tì mí. Pé èmi ni mo ní kí Shamsudeen kó o pé. Mo wo Ìyá mi. Èmi nìkan ló kù fún wọn. Tí mo bá sọ ọ́, èmi náà ò ní kù fún wọn mọ́. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tí irú rẹ̀ ò bà mí rí.

Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà ti sọ ọ́."

Ó dìde. Báàgì kan péré ló kó. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá mi, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ Shamsudeen sí afẹ́fẹ́ rere. Ìyá mi kọjú sí ògiri. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rọra ní, "Máa tọ́jú ìyá ẹ."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní kó má gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.