Tábìlì Tó Fi Àyè Sílẹ̀ fún Àga Ìyá Rẹ

Zulfah ọmọ mi,

Mo ti ra tábìlì ìjẹun tó gba èèyàn méjìlá. Ó dáa, mẹ́rin ni, tí ẹnì kan nínú wọn bá tín-ín-rín. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí ìyá ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ ọmọ mi tó ń sá fún ata ní Kánádà. Ẹ̀gbọ́n rẹ Kazeem ṣì ń já ẹrù ní èbúté Kirikiri. Ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà le.

O mọ̀ pé eékún ìyá rẹ kò jẹ́ kó lè jókòó sílẹ̀ mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń jẹun, èmi nìkan lórí ẹní. Mo rí tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́jọ kan ní Creek Road, ìyá rẹ ní, "Bàbá Kazeem, ṣé orí yín ni n ó wá gbé àga tí mo fi ń kírun sí?" Ó tẹ́ ẹní sí pálọ̀ láti fi wọn ibi tí tábìlì náà máa gbà, ó fa àga sẹ́yìn, ó kọjú rẹ̀ sí gábàsì. Àga kan ògiri. Ó ká ẹní sí méjì, àyè sì gba àga. Bí a ṣe ra ẹlẹ́ni mẹ́rin nìyẹn.

Ọkàn wa ti balẹ̀ báyìí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ dùn yín lọ́hùn-ún. Tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi òróró ìpara rán an sí ìyá rẹ fún eékún rẹ̀.

Mo ní èmi ni mo ra tábìlì. Ìyá rẹ ló yàn án, àga ni mo bá a gbé. Mo kàn fẹ́ kó padà wá bá mi jẹun ni.

Bàbá rẹ,
Sànúsí