Ìdajì Ọkọ Mi Wà Lórí Òrùlé

Èmi, Tsai Siu-luan, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tó ń ta ẹja lílọ̀ nínú ọbẹ̀ gbígbóná létí omi Keelung, opó Kang Tian-sang, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi. Orúnkún ló ń dùn mí, orúnkún kì í sì í kọ̀wé. Mo pa ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú rẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi méjèèjì, Yueh-hsia àti Chih-yuan, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fang Kuo-tung, aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo fi ṣe alámòójútó ogún mi.

Èkíní. Ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ẹja àti ọ̀bẹ mi mẹ́ta di ti Yueh-hsia. Má tà á fún obìnrin ìsàlẹ̀ ọjà tó ń po ìyẹ̀fun mọ́ ẹja. Ó ti pẹ́ tó ti ń wò ó.

Èkejì. Ológbò dúdú wa, tí kò lórúkọ nítorí pé bàbá yín ṣì ń ronú orúkọ tó bá a mu nígbà tó kú, di ti Yu Pao-chu, obìnrin tó ni ilé ọtí orí òrùlé wa. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun, òkè ló ti ń ṣeré. Bí bàbá yín náà ṣe ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: òjòwú ni mí. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, bàbá yín á gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lọ sókè. Nínú ilé, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju "Oúnjẹ dà?" "Òjò ń rọ̀" àti "Ó dáa" lọ. Láti ojú fèrèsé ilé ìdáná ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lókè. Èmi ni mo nilé, ẹsẹ̀ mi kò sì tẹ òrùlé náà rí. Mo ní obìnrin yẹn ti gba ọkọ mi. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ ọ́ fún ẹlẹ́ran, mo fi tùràrí lọ́wọ́ sọ ọ́ fún òrìṣà òkun nínú tẹ́ńpìlì rẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Ilé alájà mẹ́rin yìí di ti ẹ̀yin méjèèjì, ọgbọọgba. Ẹ kò gbọdọ̀ pín in, ẹ kò sì gbọdọ̀ tà á títí ọdún mẹ́wàá yóò fi pé. Ọdún mẹ́wàá ni òfin gbà mí láyè láti fi dè yín, mo sì gba gbogbo rẹ̀. Kí òrùlé wà lọ́wọ́ Pao-chu, kí ilé ọtí náà máa ṣí. Chih-yuan, mo ti rí ìwé àwọn onílé-ìtura tó fẹ́ ra ilé yìí, èyí tí o fi sábẹ́ rédíò. O ní, "Màámi, ilé ọtí játijàti lásán ni, àga mẹ́sàn-án abẹ́ páànù tó ń jò." Àga mọ́kànlá ni. Mo ti jókòó lórí gbogbo wọn.

Nígbà tí ọjọ́ kọkàndínláàádọ́ta tí bàbá yín kú pé, tí ètùtù òkú parí, mo gòkè lọ láti bá obìnrin náà jà. Láti àjà kejì ni mo ti ń to èébú sẹ́nu. Pao-chu nu àga kan, ó ní, "Ìyá Yueh-hsia, ẹ káàbọ̀, ẹ kú àtẹ̀gùn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń retí yín." Fang, tó wà nídìí bíà rẹ̀, ní, "Àwọn nìyí? Àwọn tí Ọ̀gá Kang ní bí wọ́n bá wo ẹja, ẹja á ha ìpẹ́ ara rẹ̀?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò bá mi dápàárá rí.

Wọ́n mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ló ń fà yọ nínú ẹ̀rọ tí ìka rẹ̀ fi gé. Èmi tí mo wẹ ojú egbò yẹn, "Ẹ̀rọ ni" ló wí fún mi. Wọ́n mọ̀ pé kò fẹ́ràn ẹja lílọ̀, bẹ́ẹ̀ ó lé lógójì ọdún tó fi jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú bí mi débi pé mo tún lọ lọ́jọ́ kejì láti gbọ́ ìyókù. Láti ìgbà náà, mi ò pa ìrọ̀lẹ́ kan jẹ. Ìdajì ọkọ mi ló bá mi gbé nísàlẹ̀, ìdajì yòókù wà lẹ́nu àwọn ará òkè. Bí ẹ bá ta òrùlé, bàbá yín lẹ tà.

Mo bi Pao-chu ní gbangba bóyá ó gba ọkọ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ gba ọkùnrin tó ń fi wákàtí mẹ́ta mu bíà kan?" Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì ń jowú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin. Ife kékeré tó wà ní igun tábìlì Pao-chu, kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin kò mọ̀: ẹ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó kú, a kò tíì bí Yueh-hsia. Ọmọbìnrin tí kò lọ ilé ọkọ kì í ní àyè lórí pẹpẹ ìdílé tí a ń kọ orúkọ àwọn òkú wa sí, ìyá ọkọ mi sì ní a kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́, kí ọmọ mìíràn lè dúró. A kò dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo rò pé bàbá yín ti gbàgbé rẹ̀, mo sì bá a bínú sínú nítorí ìyẹn ju bí mo ṣe bínú nítorí Pao-chu lọ. Àṣé lọ́dọọdún, lọ́jọ́ ìbí ọmọ náà, ó ń bu omi ìrèké sínú ife yẹn, ó ń pe orúkọ rẹ̀, gbogbo wọn á sì bá a pè é. Ẹnu ọlọ́tí ni mo ti tún gbọ́ orúkọ ọmọ tí mo bí. Ó ṣe mí bíi kí n lù wọ́n. Mo ní kí wọ́n tún un pè.

Mo fẹ́ kọ orúkọ náà síbí, ọwọ́ mi kọ̀. Kò sí lórí pẹpẹ, kò sí lára ibojì kankan. Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló mọ̀ ọ́n, orí òrùlé nìkan ni wọ́n sì ti ń pàdé. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì gòkè lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹ béèrè. Mo ti ní kí wọ́n dá yín lóhùn. Yóò dùn yín wọra pé àwọn tí kì í ṣe ẹbí mọ̀ ọ́n ṣáájú yín. Ẹ jókòó síbẹ̀ náà.

Ọwọ́ mi àti èdìdì mi rèé:
Tsai Siu-luan
Keelung, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, ọdún 113 nínú kàlẹ́ńdà wa.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn:
Liao Chin-shui, atúnkẹ̀kẹ́ṣe
Peng Yu-lan, nọ́ọ̀sì